Ọ̀sẹ̀ Ibùsùn, Ọ̀sẹ̀ Ilẹ̀kùn, Ọ̀sẹ̀ Àga

Àga ìrókò kan ló tú àṣírí náà. Àga alápá méjì ni, ti ayé àtijọ́, tí ìyàwó mi rà ní ₦3,500 ní gbàǹjo nílé bàbá olùkọ́ yunifásítì kan tó fẹ̀yìntì. Ó gbé ẹ̀yìn àga náà ti àyà, ó ń fi sáńdípépà fá abẹ́ rẹ̀, ni etí igi bá tẹ̀ ẹ́ lọ́yàn òsì, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó gbé sáńdípépà sílẹ̀, ó fọwọ́, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó padà wá parí apá àga tó ń fá. Alẹ́ ló tó sọ fún mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí wò."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó le bí ekùrọ́. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún, ó ní rárá. Inú mi dùn pé kò dùn ún. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ ọyàn ni kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, àti pé ohun tó ń jẹ́ kí àwọn obìnrin máa gbé e kiri nìyẹn.

Oṣù kẹta ọdún 2022 ni. Ìyàwó mi jẹ́ ẹni ọdún 43, àwọn ìbejì wa jẹ́ ọmọ ọdún 13, àbíkẹ́yìn wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 6. Olùkọ́ ni mí, kíkọ nǹkan sílẹ̀ ti mọ́ mi lára. Nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, mo ra ìwé ńlá kan, mo sì ń kọ ọjọ́, oògùn, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, ohun tó jẹ, ohun tó bì, àti iṣẹ́ tó fọwọ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Inú ìwé yẹn ni mo ti ń fa ohun tí ẹ ń kà yìí yọ. Òun náà ti kà á, ó sì ti sọ ohun tó fẹ́ kó kù síbẹ̀ àti ohun tí kò fẹ́.

Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Àgbòwó, n'Ìbàdàn. Bí iṣẹ́ àga ṣe wọ̀ ọ́ lára ni pé aṣọ àga pálọ̀ wa ya nígbà tí àwọn ìbejì ṣì kéré, káfíńtà sì dá owó tí a ò ní lé e. Ó ní kí n dojú àga náà dé, ó tú aṣọ abẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní, "Ṣé ohun tó wà nínú rẹ̀ náà nìyí?" Igi arère, ìṣó, ọ̀já táyà, àpò kòkó àti fóòmù ni. Kò ju aṣọ tó ti ya yẹn nù. Ó tú u ní ojú rírán, ó tẹ́ ẹ lórí ańkárá, ó gé e bó ṣe rí, ó sì rán an padà. Kò pẹ́ tí àga àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Nígbà tó yá ó kọ́ iṣẹ́ igi mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jápa wìtìwìtì, gbàǹjo wá pọ̀ nígboro: tábìlì, wọ́dírọ́ọ̀bù, àga ìjẹun, ohun tí ènìyàn fẹ́ tà kó tó wọ bàálù lọ́jọ́ Àìkú. A kọ́ ọgbà sí ẹ̀yìnkùlé, a fi páànù bò ó, ibẹ̀ sì di ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Bí àga bá dé, oòrùn ló kọ́kọ́ ń rí, nítorí ìdun. Fóòmù tó ti rà ń lọ sínú iná, a ó da omi híhó sí gbogbo ihò ìṣó. Oríkèé tó bá ń mì, ó ń ta gúlúù sí i, ó sì ń fi ọ̀já tó gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ dì í pinpin mọ́jú. Lójú tèmi, túùbù yẹn dára ju irin ìdìmú káfíńtà lọ fún àga tó bá rí kọ́rọ́kọ̀rọ̀, nítorí ibi tí irin ò lè dé, rọ́bà ń dé ibẹ̀, ọ̀fẹ́ la sì ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà. Lẹ́yìn náà ni sáńdípépà, oní-80 fún ohun tó le, 120 tẹ̀ lé e, 220 kẹ́yìn, kí ó sì máa tọ ojú igi lọ, kó má dá a ní ìbú. Irú àga ₦3,500 bẹ́ẹ̀, bó bá parí rẹ̀, á tà á tó ₦22,000 nígbà náà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe eré ìdárayá. Iṣẹ́ ni, ojú ni, owó iléèwé ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Oṣù méjì ló sọnù kó tó di pé a mọ ohun tó ń ṣe é. Ilé ìwòsàn àdáni tí a kọ́kọ́ lọ sọ pé wàrà ọmú ló dì síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ti kúrò lẹ́nu ọmú láti ọdún mẹ́rin ó lé. Wọ́n kọ oògùn fún un, ó lò ó tán, wọ́n tún kọ òmíràn. Mi ò ní wọ́n fi inú burúkú ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ká lọ ya àwòrán rẹ̀, kò sí ẹni tó ní ká gé díẹ̀ yẹ̀ wò. Bí mo bá rántí oṣù méjì yẹn, inú mi ṣì ń ru. Ó sì dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ pé èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò rí. Ẹgbẹ́ BRECAN, tí Betty Anyanwu-Akeredolu tí òun fúnra rẹ̀ la jẹjẹrẹ ọyàn já dá sílẹ̀ lọ́dún 1997, ti ń kéde rẹ̀ tipẹ́ pé kí obìnrin má fi kókó ọyàn ṣeré. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń rò pé àwọn aráalé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Oníbàárà kan ló yọ wá. Nọ́ọ̀sì ni, àga ló gbé wá. Ó rí i bí ìyàwó mi ṣe ń fọwọ́ tẹ àyà, ó ní kí wọ́n jọ wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde, ó gbàgbé àga tó gbé wá. Ó ní, "Orí ọmú yìí ti ń fà wọnú. Ọ̀la ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀túnla."

Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí a lọ, wọ́n ya mammogram, ìyẹn àwòrán inú ọyàn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníhò gé fọ́nrán mélòó kan nínú kókó náà. Nígbà tí èsì dé, dókítà ò fi ọ̀rọ̀ yí wa. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti dé àwọn kókó abẹ́ abíyá tí omi ara ń gbà kọjá, àmọ́ kò tíì dé ẹ̀dọ̀ tàbí eegun. Ó jẹ́ irú èyí tí họ́móònù obìnrin ń bọ́, nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú yòókù, yóò máa lo oògùn kan tó ń jẹ́ tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí oúnjẹ yẹn má bàa dé ọ̀dọ̀ ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù. Ètò náà ni kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí kókó náà lè sún kì, iṣẹ́ abẹ tẹ̀ lé e, ìtànṣán kẹ́yìn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti yíjú sí mi, ó ní, "Àga ìyá oníbúrẹ́dì ńkọ́? Mo ti gba àsansílẹ̀."

Àṣìṣe tí mo torí rẹ̀ ń kọ èyí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó gba kímò àkọ́kọ́, mo pe ọmọkùnrin káfíńtà kan, mo ní kó wá kó gbogbo ohun tó wà lábẹ́ páànù: àga mẹ́rìnlá, ayùn, òòlù, agolo ọ̀dà, àti ẹ̀rọ ìfági kékeré tó fi owó èésú rà. Ó fún mi ní owó díẹ̀. Mo gbálẹ̀ ibẹ̀, mo fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ títí ó fi mọ́ tónítóní. Ìyá mi dé láti Ìṣẹ́yìn, wọ́n gba ilé ìdáná. Àwọn ìbejì gba ìfọṣọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sílé tirẹ̀, ó ní kó má bàa máa wò ó. Ìfẹ́ ni gbogbo wa fi ṣe é. Olúkúlùkù wa gba ohun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, títí kò fi sí ohun tó ṣẹ́kù tó lè fọwọ́ mú. Àga ìrókò yẹn nìkan ló kù, nítorí ó wà ní pálọ̀, káfíńtà ò sì rí i.

Ní òru ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn kímò, mo tají, mi ò bá a lórí ibùsùn. Iná ò sí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo rí i ní pálọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa apá rẹ̀ lọ pa á bọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ti kó iṣẹ́ mi lọ, ẹ wá fi àrùn nìkan sílẹ̀ fún mi."

Mo jókòó tì í. Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà káfíńtà. Ó ti ta mẹ́rin. Mo ra mẹ́wàá yòókù padà pẹ̀lú ẹ̀rọ àti irinṣẹ́, owó tí mo sì san ju èyí tí mo gbà lọ.

Àmọ́ kíkó wọn padà nìkan kọ́ ló tán ọ̀rọ̀. Nígbà tí a padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo bi í bóyá ó lè ṣiṣẹ́. Mo retí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bi wá dípò bẹ́ẹ̀ pé kí gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ìyàwó mi sì tò ó fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì jọ fọ́ iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ lójú mi. Eruku: kó má fá igi fúnra rẹ̀ nígbà tí kímò ń lọ lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn fá a níta, kó bo imú, kó sì kọ́kọ́ fi omi rin ín bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rẹ̀, nítorí ọ̀dà ayé àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé ò sì dára fún ọmọdé tó ń ṣeré nítòsí. Òórùn: kó yàgò fún tínà àti ọ̀dà olóròóró, kó lo ọ̀dà olómi. Ohun mímú: kó wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ara tí kímò ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè bá kòkòrò jà. Gígé aṣọ, yíyan àwọ̀, rírán, wíwọn, bíbá oníbàárà dúnàádúrà: kó máa ṣe é bí ara bá ṣe gbà. Mo bi dókítà níkọ̀kọ̀ bóyá eruku igi ló fa àrùn náà, nítorí ẹnìkan nínú ẹbí ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, àmọ́ ti imú ni, kì í ṣe ti ọyàn. Torí imú yẹn gan-an ni gbogbo ilé fi gbọ́dọ̀ máa bo imú. Mo lọ sọ fún ẹbí.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe gba orúkọ nílé wa nìyẹn. Àbíkẹ́yìn ló sọ wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn kímò ni ọ̀sẹ̀ ibùsùn. Oògùn pupa ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, ó pupa bíi sobo, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń pupa lọ́jọ́ kìíní. Ó ń bì, gbogbo oúnjẹ ń rí bí irin lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ògì tó ṣàn àti ẹja díẹ̀ ló ń gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀sẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí ìgbà yẹn ni ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń kéré jù, a sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn pé kó kí ìyàwó lójú fèrèsé. Àárọ̀ àti alẹ́ la fi ń wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Wọ́n ní bó bá ti dé 38, ká má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ó dé 38.4 lẹ́ẹ̀kan, ní aago méjì òru, ọlọ́kadà tó wà ládùúgbò wa ló gbé wa lọ. Ọlọ́run á san án fún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀sẹ̀ àga. Okun á padà, oúnjẹ á dùn, á sì jáde síta pẹ̀lú gèlè lórí àti téèpù ìránṣọ lọ́rùn. Ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, ká tó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo wo ìwé mi: nínú ọ̀sẹ̀ àga kẹta, ó gé aṣọ àga mẹ́rin, ó rán méjì, ó kọ́ ọmọkùnrin ìbejì bí wọ́n ṣe ń tọ ojú igi, ó sì lọ sí gbàǹjo kan ní Bódìjà, kò ra nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tó rà lọ. Ó ní tábìlì tí wọ́n ń tà, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní inú, òun kan án pẹ̀lú ìka, òun sì gbọ́ ọ.

Àárín ìyá mi àti oògùn gba sùúrù. Ìyá bu àgbo wá láti Ìṣẹ́yìn nínú kẹ́ẹ̀gì. Dókítà ti kìlọ̀ pé ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe kímò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ tún máa bá àgbo jà. Mi ò da kẹ́ẹ̀gì náà nù. Mo mú ìyá lọ sí ilé ìwòsàn, mo jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó dàgbà jù níbẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Ìyá gbọ́. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tí wọ́n gbà ni ẹja àti ẹ̀fọ́, àti àdúrà ní aago márùn-ún àárọ̀ tí gbogbo ilé ń jí sí, tó fi mọ́ ẹni tí kò fẹ́ jí.

Àwọn ọmọ kò gbọ́ irọ́ kankan lẹ́nu wa, ìyẹn sì jẹ́ ohun kan tí a ṣe dáadáa. A sọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Àbíkẹ́yìn béèrè pé, "Ṣé ó máa ń ràn ni?" Ìyá rẹ̀ ní rárá. Ó ní, "Ṣé mo lè sùn tì yín nígbà náà?" Ọ̀sẹ̀ ilẹ̀kùn la wà, ọmọ náà sì ní ọ̀fìnkìn. Ìyá rẹ̀ ní kó fọ ọwọ́, kó bo imú, kó wá sùn sí ìdí ẹsẹ̀ òun. Ibẹ̀ ló sùn.

Oògùn tí wọ́n yí sí láti kímò karùn-ún ló ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ìka rẹ̀ kú. Kò lè di abẹ́rẹ́ mú, kò lè fi ìka mọ̀ bóyá igi ti dán tàbí kò tíì dán. Fún ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ni ojú rẹ̀, ẹ̀rù èyí bà á ju irun tó rẹ̀ lọ. Mo bá a níta lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé apá àga tí ọmọkùnrin ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 220 fá, ó pa ojú dé, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Ó fi èèkánná tó ti dúdú tọ́ka sí ibì kan tó tó ìbú owó ẹyọ. "Ibí yìí. Padà sí 120." Ọmọ náà fọwọ́ pa á, ó ní òun ò mọ nǹkan kan lára. Ó fá a, ó tún gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà lé e, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń yẹ igi wò nílé wa nìyẹn títí dòní. Ìka rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, àmọ́ ti ẹsẹ̀ kò tíì padà tán.

Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gé ọyàn òsì, wọ́n sì kó àwọn kókó abíyá jáde. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n yọ rọ́bà tó ń fa omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tún apá ṣe, kọ́ ọ pé kó kọjú sí ògiri, kó máa fi ìka gun un bí aláǹtakùn, kó sàmì sí ibi tó bá dé. Ògiri yàrá wa rin, lẹ́ẹ̀dì ò mú níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ wọ́dírọ́ọ̀bù àtijọ́ kan tó fẹ́ kùn ló lò. Ọmọbìnrin ìbejì ni olùsàmì. Àmì àkọ́kọ́ kò ga ju èjìká lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti ga ju orí mi lọ.

Oṣù mẹ́ta ló fi ń pa iná kó tó pààrọ̀ aṣọ. Mi ò sọ̀rọ̀, mo kàn ń dúró. Òwú ló kọ́kọ́ ń kì sínú kọ́mú nígbà tí ojú egbò ṣì tutù. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń jókòó dúró de dókítà sọ fún un pé ohun tó bá fúyẹ́ jù kò ní jẹ́ kí èjìká dọ́gba, ẹ̀yìn á sì máa ro ó. Ó mú àjákù fóòmù àga, ó fi ọ̀bẹ gé e roboto, ó ń gé e, ó ń wọ̀ ọ́ wò. Ó rán àpò kékeré kan, ó da jéró sí i, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn ata lọ́jà, ó bù díẹ̀ kúrò, ó tún fi díẹ̀ kún un. Ó kì í sí àárín fóòmù, ó sì fi àdìrẹ tó ti gbó tó sì rọ̀ bò ó. Iná wà ní títàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dúró síwájú mi, ó ní, "Ẹ wò ó. Ṣé ó dọ́gba?" Ó dọ́gba. Ó ti rán irú rẹ̀ fún obìnrin mọ́kànlá, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn.

Ìtànṣán gba ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Awọ àyà rẹ̀ dúdú, ó bó, ó sì san.

Kí n sọ ti owó, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé àga ló san owó ìwòsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́, àjọ, ilẹ̀ kan tí a tà, àti ọwọ́ tí ìjọ àti ẹbí nà sí wa ló san án, a ṣì ń san gbèsè. Ohun tí owó àga san ni ọkọ̀ lọ ọkọ̀ bọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, àti tamoxifen láti oṣù dé oṣù. Èyí pọ̀ lójú mi, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ owó oògùn yẹn nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, kì í dúró kí n nawọ́ sí i.

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òun náà ṣe àṣejù tirẹ̀. Ìyàwó tuntun kan fẹ́ àga pálọ̀ mẹ́jọ kí ìgbéyàwó tó kò. Ìtọ́jú ti parí, irun ti hù, gbogbo wa ti ń dúpẹ́. Ó di ẹ̀rọ ìfági mú láti aago méje àárọ̀ di aago méje alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, apá òsì rẹ̀ wú láti ọrùn ọwọ́ dé òkè ìgbọ̀nwọ́, awọ rẹ̀ nà, ó sì wúwo. Òrùka ìgbéyàwó wa há sí i níka, ìka náà ń ṣẹ́jẹ̀. Mo kán ọṣẹ sí i, kò jáde. Òun ló sọ ohun tí mo máa ṣe: mo ki ẹnu òwú ìránṣọ gba abẹ́ òrùka, mo fi ìyókù we ìka náà ṣinkún láti ẹ̀gbẹ́ òrùka dé èèkánná, mo wá ń tú u láti ẹnu tó wà lábẹ́, òrùka sì ń tẹ̀ lé òwú jáde díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ rọra, ẹ má kánjú, òwú náà á já."

Mo rò pé físíò á ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo sì ti ń múra sílẹ̀ láti má kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó sọ yà mí lẹ́nu. Ó ní tí wọ́n bá ti kó kókó abíyá jáde, ọ̀nà tí omi ara ń gbà kúrò lápá á dín kù; bí iṣẹ́ bá dé lójijì, omi á kún ju ohun tí ọ̀nà lè gbé lọ. Ṣùgbọ́n apá tí a bá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀ ń lágbára sí i, apá tí a bá sì gbé kọ́ bí ohun ọ̀ṣọ́ ń rọ. Wọ́n fún un ní aṣọ gígùn tó ń fún apá, tó ń wọ̀ bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ ìfági, lẹ́yìn náà ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún kún un, bí apá kò bá wú. Mo ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú téèpù ìránṣọ rẹ̀ ní alẹ́ Àìkú, ibi mẹ́rin, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá gé ara rẹ̀ lápá yẹn, kì báà ṣe bí ojú abẹ́rẹ́, ọṣẹ àti omi ni lójú ẹsẹ̀. Bó bá pupa tó sì gbóná, ilé ìwòsàn ni. Ohun tí mo ṣe fún un lọ́dún àkọ́kọ́, tí mo ní kó jókòó kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun náà ṣe òdìkejì rẹ̀ lọ́dún kejì, apá yẹn sì kọ méjèèjì. Àga tó kù nínú mẹ́jọ yẹn, àwọn ìbejì àti èmi la parí wọn. Ìyàwó tuntun gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó sì gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Òrùka wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ báyìí. Wọ́dírọ́ọ̀bù ti di aláwọ̀ aró, àyàfi ẹ̀gbẹ́ tí àmì lẹ́ẹ̀dì wà. Oníbàárà mẹ́ta ti dá owó lé e, kò tíì tà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tó ń gbé lọ́nà Mókọ́lá kó àga ìjẹun mẹ́fà wá nínú ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù, àga ọ̀gànwó tó ní ẹ̀yìn gíga, ẹsẹ̀ méjì tí kòkòrò ti lu. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe tàn, nítorí irú igi bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀ mọ́. Ó dojú wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan wọ́n pẹ̀lú ìka, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọ̀kan. Bàbá náà ní òun fẹ́ ẹ kíákíá, òun á san ohun tó bá dá. Ìyàwó mi wo apá òsì rẹ̀, ó wo inú ìwé mi tó wà lórí tábìlì, ó ka ọ̀sẹ̀ lọ́nà ọ̀fun.

"Mẹ́rin ni mo lè ṣe, sà. Ẹ gbé méjì yẹn padà, ẹ kó wọn wá lẹ́yìn Iléyá."